Jẹjẹrẹ ẹnu: ṣé kí wọ́n fá òkè egungun àgbọ̀n ni, àbí kí wọ́n gé e já?

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni fífá yẹ, ta ni gígé já yẹ?

Dókítà Eyín, Ìdí-Àràbà: Ibi tí àrùn dé ló ń sọ ọ́. Tó bá kan awọ tó bo egungun, tàbí tó họ ojú rẹ̀ díẹ̀, fífá tó. Àmọ́ etí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 ní gíga, kó má baà kán. Tó bá ti wọ mùdùnmúdùn, gígé já ni, kí wọ́n sì mú bíi sẹ̀ǹtímítà 1 egungun tó dá ṣáká mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Ètè ìsàlẹ̀ tó bá ti kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ fura pé àrùn ti wọ inú egungun.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Fífá ni tèmi o. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gé àgbọ̀n òun já?

Nọ́ọ̀sì Yaba: Ọmọ Ìdúmọ̀tà, ẹ rọra. Egungun àgbàlagbà akáyín ti joro. Tí wọ́n bá fá a, kí ló kù? Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun tí wọ́n ti tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí rí.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ṣé X-ray eyín kò lè fi hàn ni?

Dókítà Eyín: Kò tó. Egungun á ti pàdánù ìdá 30 sí 50 nínú 100 èròjà líle rẹ̀ kó tó hàn níbẹ̀. Àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní CT ni fún ojú egungun, èyí tí wọ́n ń pè ní MRI fún mùdùnmúdùn.

Alájọ Mushin: Owó ńkọ́? Irin titanium wà tí wọ́n lè fi dí àlàfo ibi tí wọ́n gé, kí ni wọ́n tún ń wá egungun lọ sẹ́sẹ̀?

Bọ̀dá Sùúrù, Ìkẹjà: Irin nìkan níwájú àgbọ̀n? Rárá o! Á gún awọ jáde, pàápàá lẹ́yìn ìtànṣán. Tí wọ́n bá sì fi iwájú sílẹ̀ lófìfo, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, èémí á há. Ní ẹ̀gbẹ́, fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ abẹ gígùn, a lè gba irin nìkan.

Nọ́ọ̀sì Yaba: Òótọ́ ni. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun ni wọ́n ń mú, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gé e kó lè tẹ̀ bí àgbọ̀n, wọ́n á rán iṣan náà mọ́ ti ọrùn. Ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò: tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń bọ́ ẹsẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ mú un. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Wákàtí-wákàtí là ń wo awọ ẹsẹ̀ tí wọ́n mú mọ́ egungun náà, tí wọ́n rán sẹ́nu. Tó bá funfun, tó tutù, ẹ̀jẹ̀ kò wọlé. Tó bá ṣú bí aṣọ ẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, àní lóru.

Ìyá Ìbejì: Ṣé onítọ̀hún á lè rìn?

Nọ́ọ̀sì Yaba: Á rìn, mà. Egungun ńlá ojúgun ló ń gbé ara. Wọ́n á sì fi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 sílẹ̀ nínú egungun tẹ́ẹ́rẹ́ náà lókè ọrùn ẹsẹ̀ kó má baà yẹ̀.

Alájọ Mushin: Egungun ìbàdí ńkọ́?

Dókítà Eyín: Èyí tí wọ́n mú láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ tí àlàfo kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 lọ, tí kò sì ní sí ìtànṣán.

Bọ̀dá Sùúrù: Kẹ́ ẹ sì yọ eyín tó ti jẹrà ní bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìtànṣán. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, egungun lè kú. Ilé ìtànṣán NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní 2019 wà nínú ọgbà LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ẹ jẹ́ kí dókítà abẹ àti ti ìtànṣán jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó gé ohunkóhun, torí láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí ìtànṣán bẹ̀rẹ̀.