Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ kékeré ta D&D rí, ẹ wá sọ bó ṣe lọ

Bàbá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé a pọ̀ níbí tá a máa ń ta Dungeons & Dragons. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, géèmù tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká ta ni, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á di akọni inú ìtàn yẹn, kálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, dáìsì ló máa wá sọ bóyá ó bọ́ sí i àbí kò bọ́ sí i. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, látinú géèmù ogun táwọn àgbàlagbà ń fi ọmọ ogun kéékèèké ta ló sì ti wá, ìyẹn ni ìṣirò fi kún inú ẹ̀ bámúbámú. Dáìsì olójú oríṣiríṣi, agbára oríṣi mẹ́fà, ohun téèyàn lè mọ̀ ọ́n ṣe tó jẹ́ 18, ìwé tẹ́ ẹ máa kọ gbogbo ẹ̀ sí tún wà lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló fẹ́ jókòó ti ìyẹn?

Àwọn ìbejì mi ló rí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí ẹ̀, dáìsì olójú ogún yẹn wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ní dandan àwọn náà máa ta. Mo wá ń rò ó pé kí ni kí n yọ kúrò. Ẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ yọ, wọ́n á ní ọmọdé ni, ẹ má fi ẹranko burúkú sí i, kí gbogbo ẹ̀ ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò yọ ẹ̀rù o. Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ tí Ìjàpá já bọ́ látòkè tí ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rù wo lẹ tún fẹ́ yọ fún un? Ìṣirò ni mo yọ, mo sì yọ kí ọmọ máa dúró pẹ́ kó tó kàn án. Ohun méjì yẹn ló máa ń lé ọmọdé kúrò nídìí tábìlì.

Ìwé akọni wa ò ju páálí bisikíìtì tí mo gé lọ. Ohun mẹ́ta tó o mọ̀ ọ́n ṣe, yà á síbẹ̀. Táyé ya ẹsẹ̀, ó ya igi tó ń gùn, ó ya ajá kan tó jọ àga. Kẹ́hìndé ya ẹnu ràgàjì kan ṣoṣo, ó ní òun ò nílò méjì tó kù. Rúùlù wa rèé: ju dáìsì olójú ogún, 10 sókè, ó bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ohun tó wà lára páálí ẹ, ju méjì kó o mú èyí tó pọ̀ jù, inú D&D ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2014 gan-an ni mo ti mú ti dáìsì méjì yẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀: dáìsì kan, ìgbà 11 nínú 20 ló máa bọ́ sí i, tó bá jẹ́ méjì, ó ń lọ sí bíi 16 nínú 20. Ọmọ ò ní láti ro nǹkan kan pọ̀ mọ́ nǹkan kan, kó ṣáà mọ èyí tó pọ̀ jù.

Tí kò bá bọ́ sí i ńkọ́? Mi ò kí ń sọ pé "ó tì" kí n dákẹ́, nǹkan míì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Dírágónì kan dúró lórí afárá, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ń pè é nílé. Ẹnu ni, ó ju méjì, 4 àti 7. Ni mo bá ní dírágónì náà wò ó, ó ní, "Ìyá mi ti kú." Ẹnu ọmọ dí. Àfi Táyé tó dìde lórí àga, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, tó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o sà." Mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ látẹnu ìyá wọn lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe bá dírágónì ṣe ìnáwó òkú ìyá ẹ̀ nìyẹn, wọ́n béèrè aṣọ ẹbí, wọ́n ní kó mú àwọ̀ ewé, wọ́n ní jọ́lọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ tán kó tó kan àwọn. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò rántí afárá mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn

Bàbá Ìbejì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ sà. Èmi ò rí dáìsì olójú ogún rà lọ́dọ̀ wa níbí, káàdì Whot ni mo ń lò. Lẹ́sìnnì ọ̀sán ni mo ń ṣe, ọmọ Primary 1 àti 2, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì lè kàwé dáadáa àmọ́ kò sí èyí tí kò mọ Whot ta, kódà wọ́n ń rẹ́ mi jẹ.

Akọni kọ̀ọ̀kan máa yan àmì kan. Róbótó ni eré sísá, onígun mẹ́ta ni agbára, síkúà ni ọgbọ́n, kúrọ́ọ̀sì ni ìwòsàn, ìràwọ̀ ni idán. Tó o bá fẹ́ ṣe nǹkan, ṣí káàdì tó wà lókè, 7 sókè o ṣe é. Mo ti ka páàkì náà, 54 ni gbogbo ẹ̀, 31 nínú ẹ̀ ló máa gbè yín, ó ju ìdajì lọ díẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì tìẹ gan-an ló jáde, iye yòówù kó wà lára ẹ̀, o ṣe é débi pé gbogbo kíláàsì máa pàtẹ́wọ́. Tí 1 bá jáde, hold on ni, ohunkóhun tó ń lé wọn bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. 14, general market, gbogbo àwọn tó kù máa ṣí káàdì kọ̀ọ̀kan láti ràn án lọ́wọ́. 20 wá ni ọba wọn, tó bá jáde èmi máa panu mọ́, ọmọ yẹn ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò kọ́ wọn ní rúùlù kankan o, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé, àwọn ló tún ń kọ́ mi.

Èyí tó le fún mi ni pé wọ́n pọ̀. Ẹ sọ pé kí ọmọ má dúró pẹ́, àwọn ọmọ méjìdínlógún ńkọ́? Mo pín wọn sí agbo mẹ́ta, agbo kan akọni kan, wọ́n á forí korí, ẹnì kan á sọ̀rọ̀, tó bá tún kàn wọ́n, ẹlòmíì á sọ ọ́. Síbẹ̀ náà ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́rọ̀, àfìgbà tí mo rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa àlọ́. Kò sí ẹni tó ń dúró lásán nídìí àlọ́, orin wà ńbẹ̀. Mo hun orin kékeré kan, ìlà méjì péré, agbo tí kò tíì kàn ló ń gbè é tí agbo tó kàn bá ń forí korí. Tí orin bá parí lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́ ò tíì rí nǹkan sọ, ìkookò ti sún mọ́ yín nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yára ronú! Àwọn tó ń kọrin náà á wá mọ̀ọ́mọ̀ máa yára kọ ọ́, ìkà ni wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Tèmi ò jọ tiyín rárá. Ọmọ mi wọ inú ihò àpáta tí wọ́n ní ìṣúra wà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ní ìṣúra wà nínú ńbẹ̀ o, ó ní kí àwọn tó ń lọ wá a máa ra omi àti púff-púff lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì tún rà nígbà tí wọ́n bá ń jáde bọ̀. Dáìsì kan ṣoṣo tó gbà láti jù ni èyí tó máa sọ iye oníbàárà tó wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó ti gba iwin kan síṣẹ́. Mo jẹ́ kó máa tà, ìyá ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ni.

Màmá Houston

Hahaha Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ò purọ́.

Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì o. Arábìnrin kan wá kí mi, ó rí ìwé géèmù lórí tábìlì, ó rí àwòrán ẹ̀mí èṣù kan nínú ẹ̀, kò jókòó mọ́. Mi ò bá a jà torí mo mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1983 obìnrin kan tó ń jẹ́ Patricia Pulling dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti géèmù yìí, BADD ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn tí ọmọ ẹ̀ pa ara ẹ̀, ó ní géèmù yẹn ló fà á. Ọ̀rọ̀ ìyá tọ́mọ ẹ̀ kú ni, èèyàn ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kàn gbé ìwé yẹn kúrò ńlẹ̀, ẹranko ni gbogbo wa ń ṣe nílé mi báyìí, kò sídán, kò sí ẹ̀mí kankan. Ọmọkùnrin mi ni àkùkọ, àbúrò ẹ̀ obìnrin ni ewúrẹ́, bàbá wọn ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyẹn ò béèrè o, wọ́n fi jẹ ni. Àgbà Ìjàpá kan wà nínú igbó tó mọ gbogbo ọ̀nà, àmọ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà á béèrè ní Yorùbá, ẹ wo àwọn tí mo ti ń bẹ̀ látọjọ́ yìí pé kí wọ́n máa sọ ọ́ nílé, wọ́n ń sá wá bá mi ní kíṣìnnì, "Mummy, báwo la ṣe ń sọ left?" Wọ́n ti mọ ọwọ́ òsì mọ ọwọ́ ọ̀tún báyìí, wọn ò ṣì í.

Bàbá Ìbejì, ibi ẹ̀rù yẹn ni mi ò ti gbà pẹ̀lú yín. Ọmọ ju ọmọ lọ. Tèmi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, aláǹtakùn kan dì í mọ́gi nínú ìtàn, kò sùn lóru. Àwọn àgbà tó ń ta géèmù yìí ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní X-card, John Stavropoulos ló mú un wá, káàdì tí wọ́n kọ X sí ló máa wà láàárín tábìlì, ẹni tí ohun kan ò bá bá lára mu á fọwọ́ kàn án, wọ́n á fo ibẹ̀ láìbi í ní ìdí. Mo ya ọwọ́ sí páálí kan, mo gbé e sáàárín. Aláǹtakùn ti di kantíkantí. Ó kù kí n sọ pé ó tún máa ń fọwọ́ kàn án tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n Manchester

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ọdún mẹ́rin márùn-ún, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi ń lò, Amazing Tales lorúkọ ẹ̀, torí ọmọdé gan-an ni wọ́n ṣe é. Akọni ní ohun mẹ́rin tó mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tó mọ̀ jù ní dáìsì olójú 12, èyí tó tẹ̀ lé e 10, lẹ́yìn náà 8, èyí tó kẹ́yìn 6. Ohunkóhun tó o bá jù, 3 sókè, o ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, torí ọmọ ò ní láti mọ̀ ju 1 àti 2 lọ. Tí kì í bá ṣe ìkan nínú méjì yẹn lo rí, ariwo ayọ̀ ni. Olójú 12, o máa ṣe é nígbà 10 nínú 12, olójú 6, nígbà 4 nínú 6. Ọmọ á sì fojú ara ẹ̀ rí i pé dáìsì tó tóbi ló dáa.

Ọmọ yín ni kí ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun mẹ́rin yẹn o. Tẹ́ ẹ bá ní "agbára, ọgbọ́n, eré," ó ti sú u. Tèmi sọ pé òun mọ bá a ṣe ń bá ajá sọ̀rọ̀, òun mọ bá a ṣe ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun lè gbé Daddy, èyí tó kẹ́yìn ni pé òun mọ bá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Bẹ̀bẹ̀ ló fún ní olójú 12. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé mọ̀ pé kò purọ́.

Ààbọ̀ wákàtí, ẹ pa á tì, kódà tó bá ń dùn. Pàápàá tó bá ń dùn.

Bàbá Ìbejì, Peckham

Màmá Houston, a ò jà mà, ọ̀rọ̀ yín ń jẹ́ ọ̀rọ̀. Mo máa gbé páálí ọwọ́ yẹn sórí tábìlì wa náà. Àmọ́ mi ò ní lé dírágónì lọ o, ọ̀rẹ́ wọn ti ni báyìí, ó ní ẹ kú àdúrótì.

Àǹtí Tíṣà, ìbéèrè kan. Nínú Whot, ìràwọ̀ ò pọ̀, 7 péré ni mo kà, róbótó nìkan jẹ́ 12. Agbo tó bá yan idán ò ní máa fi gbogbo ọjọ́ wo àwọn tó kù bí?

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ rí i sà, ọmọ kan ti bi mi tẹ́lẹ̀, ó ní "Àǹtí, cheating ni." Ìràwọ̀ tó bá ti jáde, ẹnikẹ́ni ì báà ṣí i, agbo idán ló máa mú un, wọ́n á fi í sọ́wọ́ títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn ò ní láti ṣí káàdì nígbà yẹn, wọ́n kàn máa là á mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló wá fẹ́ ṣe idán báyìí, mo ti ní kí wọ́n máa pín in yíká ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya àwòrán ìwé tẹ́ ẹ kọ àwọn àmì yẹn sí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ mi ti ń béèrè bóyá èèyàn lè ta ìràwọ̀.

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn

Kò lè tà á! Mo máa yà á tí wọ́n bá múná wá, fóònù mi ti fẹ́ kú.