Ẹgbẹ́ àdúgbò wa fẹ́ máa ṣọ́ ìbò láìṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan: báwo ni a ó ṣe ṣe é?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ní ọ̀nà Ìgbógbó, níbí ní Ìkòròdú. Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan dábàá pé kí ẹgbẹ́ tó ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gọ́tà àti ọlọ́dẹ fi ọ̀rọ̀ ìdìbò kún un: kí a la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀, kí a rọ̀ wọ́n láti lọ gba káàdì ìdìbò wọn, kí a sì rán ẹni tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbò. Ojú ẹsẹ̀ ni àríyànjiyàn dé. Ẹnìkan bèèrè pé ta ló rán wa níṣẹ́, ẹlòmíràn sì fẹ́ mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí alága wa ń ṣe.

N kò bá wọn wí, nítorí mo mọ ohun tó fà á. Ṣáájú ìdìbò ọdún 2023, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní olùlanilọ́yẹ̀ kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ ládùúgbò wa, ó gba nọ́ńbà káàdì ìdìbò wọn àti ti àkáǹtì báńkì wọn, a kò sì fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò gbà kí a dákẹ́. Orúkọ 7,060,195 ló wà nínú ìwé àwọn olùdìbò ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2023, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ènìyàn péré ló jáde fún ìdìbò Ààrẹ. Kò tó ẹnìkan nínú márùn-ún. Iṣẹ́ wo ni ẹgbẹ́ bíi tiwa lè ṣe, tí òfin fàyè gbà, tí yóò ṣe aráàlú láǹfààní, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi tọkàntọkàn sọ pé olóṣèlú kan ló wà lẹ́yìn wa?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo wà lára àwọn alákìíyèsí ìdìbò ní Ẹ̀pẹ́ ní 2023, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí INEC, àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè wa, fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ẹgbẹ́ ni INEC ń fún ní àṣẹ yìí, kì í ṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ ní láti kọ̀wé béèrè nígbà tí wọ́n bá kéde, tàbí kí ẹ wọlé sábẹ́ ẹgbẹ́ tó ti gbà á. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Òfin Ìdìbò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti polongo ìbò láàárín mítà 300 sí ibùdó ìdìbò, bákan náà sì ni fún ẹni tó bá ń rìn gbéregbère níbẹ̀ láìnídìí lẹ́yìn tó ti dìbò. Báàjì alákìíyèsí ni yóò yọ yín lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi gbólóhùn yẹn lé yín kúrò.

Iṣẹ́ gan-an kò ju ìwé àti bírò lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán, olórí ibùdó yóò kọ èsì sínú ìwé EC8A, yóò sì tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní EC60E, èyí tí ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri yìí, tiwa tí a jẹ́ aráàlú ni. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ènìyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí iye ìbò bá ju iye ènìyàn yẹn lọ, òfin ní kí wọ́n fagi lé ìbò ibùdó náà. Ní ibùdó kan tí mo wà, wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láìlẹ ìwé náà. A rọra rán olórí ibùdó létí, ó sì lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ wà, ta ni yóò béèrè rẹ̀?

Ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sí ẹni tí kò ní ẹni tó wù ú nínú ọkàn rẹ̀, òfin kò sì ní kí a má ní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rán ẹni tó di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò, kí ẹ sì kọ iye owó tó wọlé àti ibi tó ti wá sí ojú pátákó ẹgbẹ́ yín. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, ì báà jẹ́ ẹni tó wù yín ló wọlé tàbí ẹni tí kò wù yín.

Ìyá Àjàrá (Àgbádárìgì)

Ẹ̀yin ará mi, mo gba ohun tí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó tó. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, a dúró kí èsì ìbò Ààrẹ hàn lórí IReV, ojúlé ayélujára tí INEC ń gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, bí wọ́n ṣe ṣèlérí, a kò rí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni pé àìfi èsì sórí IReV kò tó láti fagi lé ìdìbò. Bí òfin bá fi àlàfo sílẹ̀, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dí i.

Àwọn ohun tó yẹ kí a ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Muhammadu Uwais kalẹ̀ ní 2007, wọ́n sì jábọ̀ ní 2008. Wọ́n ní kí Ààrẹ má ṣe dá yan alága àjọ elétò ìdìbò mọ́, kí wọ́n dá àjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìgbẹ́jọ́ àwọn tó bá rú òfin ìdìbò, kí wọ́n sì fi àwọn àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ sábẹ́ INEC. Èyí tó kẹ́yìn yìí kàn wá jù, nítorí gómìnà ló ń yan àwọn tó ń ṣètò ìdìbò káńsù, káńsù sì ni ìjọba tó sún mọ́ wa jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí àbá wọ̀nyí. Mo rọ ẹgbẹ́ yín láti kọ̀wé sí aṣòfin yín, ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò mìíràn lápapọ̀, kí ẹ sì béèrè èsì.

Ohun kan tún wà. Ní ìlú wa, àwọn àgbà púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé Ègùn nìkan ni wọ́n gbọ́ dáadáa, pàápàá àwọn tó ń gbé òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tí a fi èdè wọn ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí bí wọ́n bá ká ìwé ìbò wọn dáadáa, ìyá kan dá mi lóhùn pé wọ́n ti sọ fún òun pé àwọn tó ń pín owó "dìbò kí o sebẹ̀" ní ẹ̀rọ tó ń rí i. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń ta ìbò rẹ̀, kì í ṣe ebi nìkan.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín, Ìyá. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un: ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìdìbò ni ilé ẹjọ́ ti dà nù nítorí pé ẹni tó wà ní ibùdó náà gan-an kò wá jẹ́rìí. Bí wọ́n bá tún òfin ṣe lọ́la, ẹ ó ṣì nílò ẹni tó rí i lójú ara rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkòròdú)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Màá mú un wá sí ìpàdé pé kí gbogbo ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n bá ń ṣe, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá di ipò mú yọ ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ yìí. Èmi náà yóò sọ tèmi. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ẹgbẹ́ tó ní ìwé àṣẹ INEC, a ó sì kọ lẹ́tà ti aṣòfin.

Ìyá Àjàrá, bí ẹ bá ní àlàyé yẹn ní èdè Ègùn tí ẹ gbà sórí fóònù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn apẹja Ègùn wà létí omi lọ́dọ̀ wa níbí, a kò sì tíì bá wọn sọ̀rọ̀ rí.