Irú dẹ́kìn wo ni kí a ṣe sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa, kí ariwo àti ooru lè dínkù?

Olùbéèrè, Akóbọ̀, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èmi àti ọkọ mi ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan ní Akóbọ̀, bulọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ sì ti dé orí fèrèsé. Ìyá ọkọ mi ni yóò máa gbé ìsàlẹ̀, nítorí pé orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Àwa àti àwọn ọmọ yóò wà lókè. Oorun Màámi fúyẹ́ púpọ̀, ohun díẹ̀ ló ń jí wọn, bí wọ́n bá sì ti jí, ó di òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nípa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, nípa àga tí wọ́n ń wọ́ kiri, àti nípa odó, torí pé òkè ni a fi ilé ìdáná sí. Mo sì tún ń bẹ̀rù ooru tí yóò máa mú àwa tí a wà lókè ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún.

Bíríkìlà wa ní kí a da kọnkéré onínípọn ínǹṣì mẹ́fà bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Àbúrò ọkọ mi ní dẹ́kìn oníhò ló dára jù, èyí tí wọ́n máa ń to bulọ́ọ̀kù amọ̀ tàbí fóòmù funfun líle sí kí wọ́n tó da kọnkéré sí àárín wọn. Ẹnìkan tún sọ pé pákó ni kí a lò bíi ti àwọn ilé àtijọ́, pé kì í gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí a mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹnjiníà kan, Abẹ́òkúta:

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ kó wọ ilé náà láyọ̀. Kí a tó mú dẹ́kìn kan, ẹ jẹ́ kí a ya oríṣi ariwo méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tó ń dá ọ̀kan dúró kì í fi bẹ́ẹ̀ dá èkejì dúró. Èkíní ni ohùn: tẹlifíṣọ̀n, ẹkún ọmọ, orin. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé èyí wá kan dẹ́kìn, ìwúwo dẹ́kìn ló sì ń dá a padà. Kọnkéré tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2,400, nítorí náà dẹ́kìn ínǹṣì mẹ́fà, tí í ṣe mìlímítà 150, ń wọn nǹkan bíi kílò 360 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ohùn ènìyàn kò lè ṣàdédé gba inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní ti èyí, ìmọ̀ràn bíríkìlà yín dára.

Èkejì ni ariwo ẹsẹ̀, tí mo ka ti àga, bọ́ọ̀lù àti ọmọ odó mọ́. Ìwọ̀nyí ń lu kọnkéré fúnra rẹ̀, kọnkéré tó le náà yóò sì gbé ìró wọn lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó tilẹ̀ lè gba inú ògiri dé yàrá tí kò sí lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gún iyán. Bí ẹ bá sọ dẹ́kìn di ínǹṣì mẹ́jọ nítorí ariwo yìí, owó sìmẹ́ńtì àti irin yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Màámi yóò ṣì máa gbọ́ gìgísẹ̀ àwọn ọmọ. Ohun tó ń pa á ni nǹkan rírọ̀ tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ àti kọnkéré. Kápẹ́ẹ̀tì onífóòmù ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti táìlì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ táìlì dandan, a lè tẹ́ fóòmù rọ́bà pẹlẹbẹ sórí dẹ́kìn, kí a gbé etí rẹ̀ sókè yí ògiri ká, kí a sì da sìmẹ́ńtì olónípọn mìlímítà 65 lé e lórí kí a tó tẹ́ táìlì. Sìmẹ́ńtì òkè yìí kò gbọ́dọ̀ kan ògiri tàbí dẹ́kìn níbikíbi, nítorí pé ibi tó bá ti kàn án ni ariwo yóò gbà.

Dẹ́kìn oníhò ní àǹfààní tirẹ̀: ó fúyẹ́, ó sì ń dín kọnkéré àti irin kù bí pálọ̀ bá fẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó wà lórí ihò náà lè má ju mìlímítà 50 lọ, ohùn sì rọrùn láti gba ibẹ̀ ju inú dẹ́kìn tó dì lọ. Nínú ilé tí àgbàlagbà ń sùn sísàlẹ̀, èmi kò ní yàn án nítorí ariwo.

Ní ti odó, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sórí dẹ́kìn rárá. Ẹ ṣe ibi ìgúnyán sí ẹ̀yìnkùlé.

Káfíńtà àgbà, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, mo fẹ́ràn pákó, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ òkè ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí àwọn tó padà láti Brazil kọ́ sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Òtítọ́ ni pé pákó kì í gba ooru pamọ́ bíi kọnkéré. Síbẹ̀, n kò ní gbà yín níyànjú láti lò ó nínú ilé yìí. Igi tó ń pẹ́, bí ìrókò, apá àti òpèpè, ti wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n sì ń tà kò tíì gbẹ dáadáa, tí yóò fi súnkì, tí ìṣó rẹ̀ á sì máa dún. Ikán náà kò sinmi. Lékè gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ onípákó fúyẹ́. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ yóò mọ ẹni tó ń rìn lókè láìrí i.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, London:

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ. Nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n pín sí fúláàtì ni mò ń gbé níhìn-ín, pákó sì ni ilẹ̀ gbogbo rẹ̀. Láti dín ariwo kù, wọ́n ní láti ki òwú sáàárín àwọn igi tó gbé pákó, kí wọ́n sì fi irin tó ń mì so àjà mìíràn kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2003 ni òfin ìkọ́lé England ti ń béèrè pé, nínú ilé tuntun, kí ilẹ̀ tó wà láàárín fúláàtì méjì dín ohùn kù tó dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 45 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) ó kéré tán, kí ariwo ẹsẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀ má sì ju 62 lọ. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọn ti ohùn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọn ti ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ti yà wọ́n.

Ayàwòrán ilé kan, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ooru. Dẹ́kìn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè kò rí oòrùn, nítorí náà kò sí ìdí láti náwó lé e lórí nítorí ooru. Òrùlé ni ooru yín yóò ti wá. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn ọ̀sán sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa tààrà ní ọ̀pọ̀ oṣù, tó fi jẹ́ pé páànù ń gba oòrùn ju ògiri lọ. Owó tí ẹ ń rò láti fi kún dẹ́kìn, ẹ gbé e lọ sókè. Ẹ yan páànù aláwọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi ihò sí ìdí òrùlé àti góńgó rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè máa jáde, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dí wọn kí àdán má baà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ rockwool, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe láti dá ooru dúró, tó nípọn tó mìlímítà 100 sórí àjà. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe òrùlé tí wọ́n fi ògiri pamọ́, èyí tó gbòde báyìí, láìfi ihò tó pọ̀ tó sí i, nítorí pé ààyè abẹ́ rẹ̀ kéré, ooru sì ń há mọ́ ibẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí dẹ́kìn fúnra rẹ̀ ti lè mú ooru wá: báákónì tí kò ní òrùlé, tó sì wà lórí yàrá. Kọnkéré ibẹ̀ yóò gba oòrùn ní ọ̀sán, yóò sì tú u sínú yàrá Màámi ní alẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àwòrán yín, ẹ fi òrùlé bò ó.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Báákónì kan wà lórí yàrá Màámi lóòótọ́, a ó bò ó. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ṣé a lè da dẹ́kìn báyìí, kí a wá fi fóòmù àti sìmẹ́ńtì òkè sí i nígbà tí owó bá tún wọlé?

Ẹnjiníà kan, Abẹ́òkúta:

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún ẹnjiníà tó ń ṣe ìṣirò dẹ́kìn yín, ẹni tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Sìmẹ́ńtì òkè yẹn yóò fi nǹkan bíi kílò 130 sí 140 kún ẹrù orí mítà kan níbùú lóròó, bíìmù àti irin sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí a tó da kọnkéré. Ẹ wọn gíga ilẹ̀kùn òkè pẹ̀lú sísanra fóòmù, sìmẹ́ńtì àti táìlì. Kí ẹ sì ránti àtẹ̀gùn: bí ẹ bá da á láìro ti sìmẹ́ńtì òkè, ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yóò ga ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ínǹṣì mẹ́ta, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò sì ti máa kọsẹ̀. Kí káfíńtà fi ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó bá ń kan pákó àtẹ̀gùn.