Àbúrò mi ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ sójà, àmọ́ kì í ṣe lójú ogun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ti ṣe sójà l'Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó ń gbé àbúrò mi lọ síbi ìdánrawò ló dojú dé, ó sì fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a so okùn bàtà báyìí. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ní kó má wulẹ̀ béèrè owó tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà, ń fún ẹni tó ṣèṣe, pé ẹni tó gba Purple Heart, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ sójà tí ọ̀tá ṣe léṣe lójú ogun, nìkan ló wà fún. Irọ́ ni! Lóòótọ́, àwọn yẹn ń ṣíwájú lórí ìlà ìtọ́jú, ó sì tọ́ sí wọn, àmọ́ òfin ò ní ọta ìbọn nìkan ló ń ṣeni léṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí wo lẹ kó lọ? Ọ̀gá ẹ̀ ò tíì fọwọ́ sí ìwé "line of duty", ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí sí i pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣèṣe. Ta la lè fẹjọ́ sùn?