Ilẹ̀ warehouse tó ń tu omi sí wa lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọnkéré tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, warehouse ńlá kan tí forklift mẹ́ta, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù, ń sáré nínú ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ibi tí kọnkéré méjì ti pàdé ara wọn, tí forklift bá ti gun ibẹ̀ báyìí, gbì! Bíríkìlà wa á po sìmẹ́ǹtì, á dí i, á dán an, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó ti fọ́. A ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀gá wá ń pariwo pé a ń jí sìmẹ́ǹtì.

Ìgbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ gan-an, forklift gun ibẹ̀, omi pupa fọ́n jáde láàárín kọnkéré, ó ta sí mi ní ṣòkòtò bí ìgbà téèyàn bu omi sẹ́nu tó tu ú. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, àṣé kọnkéré yẹn ń lọ sókè sódò ni!

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí kọnkéré ni wọ́n pè. Bàbá ò po nǹkan kan o, hámà ló mú, ó ń kan ilẹ̀ kiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ibòmíì dún kò-kò, ibòmíì dún bí àgbá òfìfo, abẹ́ ibẹ̀ ti ṣófo nìyẹn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibẹ̀ ká, ó fẹ̀ tó yàrá méjì. Ó ní "ẹni tí inú ń run lẹ ń pa àtíkè fún".

Páìpù tó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ ló ti já lábẹ́lẹ̀, omi ẹ̀ ń fọ yẹ̀pẹ̀ lọ, forklift tó ń tẹ̀ ẹ́ ń fún ìyókù jáde. Wọ́n tún páìpù ṣe ná, wọ́n lu ihò, wọ́n fi pọ́ǹpù ti sìmẹ́ǹtì tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu wọlé. Ihò kan ṣoṣo gbé báàgì mẹ́sàn-án mì kó tó yọ lójú ihò kejì, bàbá sì kígbe pé ká dúró kíá, torí tá a bá tì í jù ó lè gbé kọnkéré sókè kó là á.

— Ẹnì kan fèsì: Ẹ̀gbọ́n, ní UK níbí fóòmù ni wọ́n fi ṣe tiwa. Ihò kékeré ni wọ́n lu, kẹ́míkà olómi méjì pàdé nísàlẹ̀, ó wú lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan ń fi laser, iná tí wọ́n fi ń wọn gíga ilẹ̀, ṣọ́ ọ kó má gbé e kọjá bó ṣe yẹ. Ọjọ́ náà ni forklift padà sórí ẹ̀. Owó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bèèrè.

— Ẹlòmíì ní: Tèmi ò ní omi nínú. Inú ọ̀yẹ́ la da kọnkéré tiwa, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé maṣín-ìn tí wọ́n fi ń gé ìlà sójú ẹ̀ kó má baà là bó ṣe wù ú dé, kọnkéré ti la ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, etí ẹ̀ ká sókè bí burẹ́dì tó ti gbẹ. Gíráńdà, maṣín-ìn tó ń lọ ojú kọnkéré, la fi lọ gbogbo etí yẹn. Mo délé, ìyàwó mi ní ta ló dà mí sápò èlùbọ́.