Àjùmọ̀ní, àjùmọ̀lò, àjùmọ̀tọ́jú: lórí orúkọ tí a ó fún jọ́nà orí ẹ̀rọ àti àkójọ àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tuntun wá síwájú wa fún ìlò àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ fèsì sí: "jọ́nà orí ayélujára" fún jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ àpilẹ̀kọ sí) tí a kì í kà lórí bébà, "ẹgbẹ́ àjùmọ̀rà" fún àwọn ilé-ìkàwé tó para pọ̀ láti bá atẹ̀wéjáde dúnàádúrà, àti "àkójọ àjùmọ̀ní" fún ohunkóhun tí irú àwọn ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ bá jọ ń lò. Ẹ̀kẹta yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé ilé-ìkàwé ní ohun tí kò ní.

"Ní" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lédè wa. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá jọ ní ilẹ̀, kò sí èyí tó lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn yòókù fọwọ́ sí i, kò sì sí àjèjì tó lè lé wọn kúrò lórí rẹ̀ nítorí pé ọdún yípo. Àdéhùn tó jọ bẹ́ẹ̀ ti wáyé láàárín àwọn ilé-ìkàwé. Ní Ìlú Ọba, lọ́dún 2007, àwọn yunifásítì kan àti British Library, ilé-ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní UK Research Reserve. Jọ́nà bébà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí mọ́ ti gba gbogbo orí pẹpẹ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan pé bí òun bá kó tòun kúrò, ẹ̀dà tó kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ náà lè jẹ́ èyí tí òun sọ nù. Wọ́n wá fẹnu kò pé ó kéré tán, ẹ̀dà mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, ọ̀kan ní British Library, méjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí àwọn yòókù tó lè kó tiwọn kúrò. Ẹni tó bá gbà láti tọ́jú ẹ̀dà kan ti gbà á fún gbogbo wọn nìyẹn. Irú àkójọ yìí ni mo gbà pé a lè pè ní àjùmọ̀ní láìṣẹ èdè.

Jọ́nà orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ọdọọdún ni ilé-ìkàwé ń san. Orí ẹ̀rọ atẹ̀wéjáde ni àwọn àpilẹ̀kọ náà wà, ìwé àdéhùn ló sì ń sọ ẹni tó lè kà wọ́n àti ìgbà tó lè kà wọ́n dà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní University of California. Ní oṣù kejì ọdún 2019, yunifásítì náà kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Elsevier, atẹ̀wéjáde ńlá kan, ṣe, nítorí iye owó àti nítorí pé wọ́n fẹ́ kí àpilẹ̀kọ àwọn olùkọ́ wọn di ohun tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù keje, Elsevier ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Berkeley, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà yunifásítì náà, lẹ́yìn náà ṣì lè ṣí ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ àtẹ̀yìnwá, nítorí pé àdéhùn àtijọ́ fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n bó bá tẹ èyí tó jáde lọ́dún 2019 nínú jọ́nà kan náà, kò ní ṣí. Oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí àdéhùn tuntun. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní ohun-ìní?

Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá "àkójọ àjùmọ̀lò". Ẹnìkan láàárín wa ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe, pé a ti ń lò ó fún Yorùbá àjùmọ̀lò. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló gbè é lẹ́yìn. Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Ọ̀yọ́ ló ń lo Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sì sí èyí tó lè sọ pé tòun nìkan ni. Ìlò ni ọ̀rọ̀ náà tẹnu mọ́, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ni ín.

Àkójọ kẹta tún wà tí kò bọ́ sábẹ́ méjèèjì. Ètò LOCKSS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Stanford lọ́dún 1999, fún ilé-ìkàwé láyè láti tọ́jú ẹ̀dà jọ́nà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà máa ń fi ẹ̀dà wọn wé ti ara wọn, èyí tó bá sì bàjẹ́ yóò gba àtúnṣe láti ara èyí tó dá ṣáṣá. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni gbogbo wọn jọ ń ṣe, nítorí náà "àkójọ àjùmọ̀tọ́jú" ni mo pè é.

Lórí àjùmọ̀rà, n kò ní pẹ́: a ti rí i pé wọn kì í sábà rà. "Àjọ ìdúnàádúrà" bá iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bí EIFL, tó ń bá àwọn atẹ̀wéjáde dúnàádúrà fún àwọn ilé-ìkàwé, ń ṣe láti ọdún 1999 mu jù.

Ní ti "orí ayélujára", ibi tí a ti rí jọ́nà ló ń sọ, kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ òtítọ́. TEEAL, àkójọ jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Yunifásítì Cornell gbé jáde lọ́dún 1999, orí sídíì ló kọ́kọ́ wà kó tó bọ́ sórí háàdì dísìkì. Àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà náà lò ó, wọn kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà á. "Abánáṣiṣẹ́" tí àwọn kan mú wá gbòòrò jù, nítorí pé ẹ̀rọ ata náà ń bá iná ṣiṣẹ́. "Jọ́nà orí ẹ̀rọ" kúrú, ó sì gba ti sídíì àti ti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ra.

Ó ku ẹ̀tọ́ tó mú kí ará Berkeley ṣì lè ka àpilẹ̀kọ àtẹ̀yìnwá. "Ẹ̀tọ́ ayérayé" ni wọ́n dábàá fún un níbí, ṣùgbọ́n ayérayé ti bá ìwàásù lọ jù, àdéhùn kankan kò sì lè ṣèlérí rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí owó dáwọ́ dúró ni, nítorí náà "ẹ̀tọ́ àṣẹ́kù" ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Mo ti fi í sínú gbólóhùn báyìí: "Ilé-ìkàwé wa dá owó àsansílẹ̀ jọ́nà náà dúró, ṣùgbọ́n a ṣì ní ẹ̀tọ́ àṣẹ́kù lórí èyí tó jáde láti ọdún 2005 títí dé 2020." Bí ó bá kọ́ yín lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn tiyín ránṣẹ́.