Ọkọ̀ tí kì í gbéra àfi tó bá kún: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abuja ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan fi ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ láti Kubwa lọ sí Berger. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀: Traccar lórí fóònù àwọn dírẹ́bà, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, TheTransitClock tó ń ṣírò ìgbà tí ọkọ̀ máa dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé TheTransitClock ń retí kí ọkọ̀ gbéra lásìkò tá a kọ sínú GTFS, ìyẹn àwọn fáìlì tá a kọ ọ̀nà àti àkókò ọkọ̀ sí. Tiwa kì í gbéra àfi tó bá kún. Tó bá fi máa di aago 7 àárọ̀, pupa ti gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún wọn, "ó ti pẹ́" ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Alhaji tó ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ ti padà sídìí ìwé kékeré àti bírò rẹ̀. Mi ò bá wọn wí o.

Mo ti purọ́ àkókò sínú GTFS náà, sún kẹrẹ fà kẹrẹ bà á jẹ́. Mo lo frequencies.txt, fáìlì GTFS tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tó máa wà láàárín ọkọ̀ sí ọkọ̀, mo fi exact_times sí 0, kó má bàa retí àkókò pàtó. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ mẹ́ta ṣì lè tò tẹ̀lé ara wọn, kí ìkankan má sì sí mọ́ fún ìṣẹ́jú 40.

Ṣé kí n máa tún TheTransitClock ṣe ni, àbí kí n kọ ohun kékeré tó máa wo àlàfo láàárín ọkọ̀ sí ọkọ̀ nìkan?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.